Ohun Tó Wà Nínú Ojú Oórì Ẹ̀gbọ́n Màámi

Lọ́dún tó kọjá ni ẹbí wa l'Ajah ta àgbàlá àtijọ́ tó wà létí ọ̀sà fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sìtéètì. N kò ní í sọ ti ìjà tó wà nídìí títà náà. Gbogbo ẹni tó bá nílẹ̀ láti Onírù títí dé ọ̀dọ̀ wa ló mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀, èyí tí mo bá sì sọ kò ní í jẹ́ tuntun sí wọn létí. Ti òkú ni mo fẹ́ sọ.

Inú àgbàlá yẹn ni ẹbí wa ń sin èèyàn sí láti ìgbà tí a ti ń jẹ́ ẹbí. Àdéhùn tí a bá àwọn akọ́lé ṣe ni pé kí katakata tó wọlé láti wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀, a ó hú egungun àwọn àgbà wa, a ó sì tún un sin sórí ilẹ̀ kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Olórí ẹbí pe ìpàdé nítorí èyí. Àgbà apẹja ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ti wú, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì le. Wọ́n ń fi ọ̀pá ọwọ́ wọn tọ́ka sí ojú oórì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ẹfun sàmì sí i. Nígbà tí ọ̀pá náà dé ìdí igi àgbọn, ó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fo ẹnì kan," Màámi sọ.

"Mi ò fo ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fo ẹ̀gbọ́n mi."

"Àbúrò mi, egungun là ń kó. Kí ló wà níbẹ̀ yẹn tí a fẹ́ kó? A kì í kó ìsáǹsá mọ́ àwọn baba ẹni lọ sílé tuntun."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màámi kò wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbẹ̀, kí n sọ bí orúkọ burúkú yìí ṣe lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n tí à ń sọ yìí ni ọmọ ìyá Màámi kan ṣoṣo. Ó wọṣẹ́ ṣójà nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n sì gbé e lọ sí apá ibi tí odò pọ̀ sí. Ọmọdébìnrin ni Màámi nígbà náà. Ogun ò tíì parí tí ọ̀dọ́ ṣójà kan fi yọ lágbàlá. Ó ní pélé lójú, èdè ará òkè ló sì ń sọ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni ẹ̀gbọ́n Màámi, pé ìbọn ló pa á, pé ọ̀nà jìn, òun kò sì lè gbé òkú rẹ̀ wá. Ó wá fa agolo tábà kan yọ, èyí tó fi aṣọ funfun wé. Irun orí àti èékánná ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kú síbi tí a kò ti lè gbé e wálé, a ó gé irun rẹ̀, a ó gé èékánná rẹ̀, ìyẹn ni a ó gbé wálé sin. Ẹni tí a bá sì ti sin báyìí, a ti sin ín náà nìyẹn; kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni tí a tẹ́ sínú pósí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Màámi, sunkún títí ohùn wọn fi há. Ẹbí gbẹ́ ilẹ̀ sídìí igi àgbọn, wọ́n sin agolo náà, wọ́n ṣe gbogbo ètò ìsìnkú. Màámi ni wọ́n ní kó bu omi fún àlejò. Ó gba omi náà, kò mu ún. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó wò ó, kò jẹ ẹ́. Ó dìde, ó lọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́.

Nígbà tí ogun parí, ṣójà mìíràn dé. Ọmọ àdúgbò wa lèyí. Òun ní, "Ìbọn wo? Omi ló gbé e lọ! Èmi ò sí nítòsí, ṣùgbọ́n gbogbo wa lọ́hùn-ún la gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ojú omi wọn dojú dé nígbà tí wọ́n ń sọdá odò, wọn ò sì rí i mọ́."

Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Omi? Omi pa ọmọ Ajah? Ọmọ tó jẹ́ pé kó tó mọ ìrìn dáadáa ni wọ́n ti ń jù ú sínú ọ̀sà kó lè kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Iná lè pa ará etí ọ̀sà, ejò lè pa á, àìsàn lè pa á, ṣùgbọ́n bí o bá ní omi pa á, ilé wa ò ní gbà fún ọ. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò sí ni pé ó lúwẹ̀ẹ́ gba òdìkejì lọ ni. Ó sá fún ogun, ó sì rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé pẹ̀lú agolo kí ẹnikẹ́ni má bàa wá a. "Ta ló mọ irun tí ẹ sin?" ni wọ́n máa ń sọ. "Ó lè jẹ́ irun ewúrẹ́."

Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ nídìí kànga tàbí nídìí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa ìyá àgbà lẹ́nu mọ́ nìyẹn: ìyá ìsáǹsá. Ìyá àgbà gbé e kú. Màámi ò fẹ́ gbé e kú ní tiwọn.

Nínú ìpàdé yẹn, olórí ẹbí sọ ọ̀rọ̀ wọn parí. "Ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé ojú ogun ló kú sí, kó mú un wá kí katakata tó dé. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ibi tó wà náà ni kó wà. Wọ́n á da kọnkéré lé e."

Katakata máa dé ní òpin oṣù.

Nígbà tí a délé, Màámi kò tíì tú gèlè tí wọ́n fi ní, "Wá ṣójà tó gbé agolo yẹn wá fún mi."

"Màámi, ọkùnrin yẹn á ti kú."

"Ṣé èmi kú?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo dé ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n júwe fún mi, wọ́n ní kí n lọ kí n bọ̀. Mo lọ, mo bọ̀, wọ́n tún ní kí n lọ. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún mi pé àwọn ṣójà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń pàdé nílé ọ̀kan nínú wọn ní Lẹ́kkí Phase 1. Mo lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé ẹni tí mò ń wá: ṣójà, ará òkè, pélé lójú, agolo tábà. Akọ̀wé wọn fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tó kún fún ilà.

"Ọmọ mi, ṣójà tó ní ilà lójú lò ń wá? Wo àárín wa, mú èyí tó bá wù ọ́."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, akọ̀wé náà ní, "Ṣé ìyá rẹ lè sọ̀rọ̀ sínú fóònù? Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn, kí n fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ojú wa ti bàjẹ́, a ò rí nǹkan kà mọ́. Etí ló kù."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tún ìró wọn ró bí ẹni pé àlejò ni fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n sọ rèé:

"Ìwọ ṣójà tó gbé agolo wá sí Ajah nígbà ogun. Èmi ni ọmọdébìnrin tó bu omi fún ọ tí o ò mu. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi sá. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré lé ibi tí a sin ín sí. Bí o bá wà láyé, wá sọ ohun tí o rí. Bó bá jẹ́ irọ́ lo pa fún ìyá mi, wá sọ pé irọ́ ni. Ilé wa ò tíì kúrò níbi tó wà."

"Màámi, àgbà ọkùnrin lẹ̀ ń pè ní ìwọ yẹn o."

"Fi ránṣẹ́."

Mo fi ránṣẹ́. A dúró. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ṣọ́bìrì àwọn ọ̀dọ́ nínú àgbàlá. Wọ́n ti hú bàbá ńlá, wọ́n ti hú àwọn ìyàwó wọn, wọ́n di egungun wọn sínú aṣọ funfun, mọ́tò sì ń kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí igi àgbọn nìkan ni ṣọ́bìrì kò kàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rí Màámi tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Màmá, ẹlẹ́rìí yín ò tíì dé? Àbí òun náà ti lúwẹ̀ẹ́ lọ ni?"

"Ó ń bọ̀," Màámi dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn."

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, Màámi kò jẹun. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ìyá àgbà tó ti kú sọ̀rọ̀ nínú yàrá, bí ẹni ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù parí nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn obìnrin ni, ó gbóná.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ohùn ìyá kan sí àárín àwọn ṣójà? Kí lẹ fẹ́ kí bàbá mi ṣe fún yín? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọn ò jẹun gidi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibo lẹ wà?"

"Thomas Estate."

Láti ilé wa dé ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣoṣo ni.

Ní géètì, sìkìọ́rítì bi mí léèmejì ẹni tí mo fẹ́ rí, ó tẹ̀ wọ́n láago kó tó jẹ́ kí n kọjá. Obìnrin náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé mo pariwo. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé ibí yìí, ṣùgbọ́n bí dẹ́rẹ́bà bá ti fẹ́ yà sí ọ̀nà àgbàlá yín lọ́hùn-ún, Bàbá á ní kó yí padà kíákíá. A rò pé ọjọ́ orí ni."

Bàbá jókòó sínú pálọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, fóònù lórí itan. Pélé náà ti rọ̀ mọ́ ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti hunjọ, ṣùgbọ́n pélé ni. Mo kúnlẹ̀.

"Ṣé ìwọ lọmọ rẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Wọ́n ti da kọnkéré náà?"

"Wọn ò tíì dà á."

Bàbá mí kanlẹ̀. Mo bi wọ́n ní ohun tí mo bá wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbọn ló pa á ni, àbí omi?"

"Irun mi ni."

Mo rò pé ìbéèrè mi kò yé wọn. Wọ́n rí i lójú mi, wọ́n sì tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Irun mi ló wà nínú agolo yẹn. Èékánná mi ni. Èmi ni ẹ sin."

"Bàbá!" Ọmọ wọn ti dìde dúró.

"Jókòó. Èmi ni wọ́n sin sábẹ́ igi yẹn. Wọ́n sunkún lé mi lórí, mo dúró, mò ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ta ló máa jẹ oúnjẹ òkú ara rẹ̀?"

Mo gbìyànjú láti béèrè bí ẹ̀gbọ́n Màámi ṣe kú gan-an, ṣùgbọ́n Bàbá gbọn orí. "Ìyẹn kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó bu omi fún mi ni mo máa sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n lọ sọ fún un lónìí pé kò sá. Mo fi Ọlọ́run búra, kò sá."

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ gbọ́. Ẹ̀rí tí ẹ̀ ń wá náà nìyẹn. Ẹ sọ fún ẹbí yín pé Bàbá jẹ́rìí, ẹ kó agolo yẹn lọ sọ́nà Ẹ̀pẹ́, kí gbogbo ẹ̀ parí. Ta ló máa ṣí i wò?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn nínú kẹ̀kẹ́. N kò ní í purọ́, ó dùn mọ́ mi nínú. Bí mo bá gbé ìdajì rẹ̀ délé, Màámi á rí nǹkan gbé lọ sílẹ̀ tuntun, olórí ẹbí á sì panu mọ́. Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ dé, ẹnu àwọn èèyàn á tún là: irun ewúrẹ́ tí wọ́n ń wí kò jìnnà sí òótọ́. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo dé ẹnu ọ̀nà wa. Màámi wò mí lẹ́ẹ̀kan.

"Kò sá," mo ní. "Ọkùnrin náà wà láyé, ó sì búra pé kò sá."

"Èyí tó kù ńkọ́?"

Mo sọ èyí tó kù.

Mo ń retí ẹkún. "Á jẹ́ pé ẹni tó wà láàyè ni à ń rìn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Pè wọ́n. Kí wọ́n wá kí katakata tó dé."

Katakata kò dúró de òpin oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ló kùn dé, ó wó ògiri iwájú, ó wó ilé ìdáná, ó kọjú sí igi àgbọn. Màámi gbé àpótí ìjókòó sórí ojú oórì náà, wọ́n jókòó. Oníkatakata yọ orí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi. Ọ̀gá mi ń pè mí."

"Jẹ́ kó máa pè."

Olórí ẹbí wá, wọ́n bẹ̀ Màámi, wọ́n tún pariwo. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Mo ti ń tẹ Thomas Estate láago láti àárọ̀. Nígbà tí mo rí ọkọ̀ wọn tó rọra dúró lójú títì, mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sá.

Bàbá sọ̀kalẹ̀, ọmọ wọn di apá wọn mú. Wọ́n dé ibi tí ẹnu ọ̀nà àgbàlá wà tẹ́lẹ̀, wọ́n dúró.

"Ẹ̀yin ni?" Màámi bi wọ́n láti orí àpótí.

"Èmi ni, àbúrò."

"Ẹ wọlé."

"Mi ò lè wọlé. Abẹ́ ibi tí o jókòó sí yẹn ni mo wà."

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Olórí ẹbí gbé ọ̀pá sókè. "Àlàájì, ẹ la ọ̀rọ̀ fún wa. Ìbọn ni àbí omi?"

"Omi ni."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan!" ìyàwó ilé yẹn pariwo. "Omi!"

Bàbá kò wò ó. Màámi ni wọ́n ń wò. "Ará òkè ni mí, mi ò mọ omi. Nígbà tí ọkọ̀ wa dojú dé, òun ti lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté. Ó ti dúró lórí iyanrìn. Èmi ni mò ń ké orúkọ rẹ̀. Ló bá padà sínú omi. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, mo rọ̀ mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ ni mo dì mú. Àwa méjèèjì rì. Ó já ọwọ́ mi, ó tì mí sórí ọkọ̀ tó dojú dé yẹn. Nígbà tí mo lajú, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí tẹ̀ síwájú.

"Iwájú ló gbà wá bá yín, àbí ẹ̀yìn?"

"Iwájú."

Olórí ẹbí ṣí fìlà wọn. Létí ọ̀sà wa, ohun tí ọmọdé kọ́kọ́ ń kọ́ nìyẹn, kó tó mọ àwọ̀n jù: ẹni tó bá ń rì, ẹ̀yìn ni kí o gbà bá a. Bí o bá gba iwájú, á dì ọ́ mú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà ogun, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rò ó rí.

"Kò ráyè gba ẹ̀yìn," Bàbá ní. "Mo ti ń rì lọ nígbà yẹn. Mi ò lè padà wá bá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, mi ò sì lè fẹnu sọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Mo ní ara tó yẹ kó wà nílẹ̀ ni kí n gbé fún wọn sin."

Màámi dìde. Wọ́n gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ gbẹ́ ẹ," wọ́n sọ fún àwọn ọ̀dọ́.

Kò jìn. Agolo náà ti dípẹtà, aṣọ ti jẹrà kúrò lára rẹ̀. Màámi fi ọwọ́ nu iyanrìn orí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n dúró sí.

"Ẹ gba ara yín."

Bàbá fọwọ́ méjèèjì gbà á. "Àbúrò, ṣé o dárí jì mí?"

"Ẹ má tíì bi mí ní ìyẹn."

Olórí ẹbí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Àbúrò mi, bí kò tilẹ̀ sí egungun, a máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tuntun mọ́ ti àwọn baba wa."

"Ẹ kọ ọ́," Màámi ní. "Ẹ kọ pé ó ti gúnlẹ̀, ó sì padà."

Màámi yí sí oníkatakata. "Ọ̀gá, máa bọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, katakata sì kọjá.